Ẹni Tó Ní Òun Ń Bọ̀

Ẹ̀rù kò bà mí rárá lọ́jọ́ tí mo fi ilé sílẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú àpò mi ní Èkó, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ti òsì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Kétu. Akọni ọkùnrin tí ẹ̀rù kò bà, ó di ẹrù bí ẹni tí ilé ń jó lé lórí.

Kí n tó lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ìyá, mò ń bọ̀." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí ẹni tó ń lọ máa ń sọ nìyẹn. Ta ni yóò wo ojú ìyá rẹ̀ kó ní "mo lọ o"? Ìyá mi dá mi lóhùn bó ṣe yẹ. Ó ní, "Tètè dé." Ó wọlé, ó gbá yàrá mi, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Kétu tí mò ń wí yìí, ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni, lódìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ wa níwèé tí a sì ń fi Yorùbá jẹun. Obìnrin àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè ibi tí mo ti wá ní ọjà Òkè Àrin l'Ékòó, mo sọ fún un pé Kétu ni mo ti wá. Ó wo ẹrù orí mi.

"Kétu? Kí lẹ wá ń ru gbogbo eléyìí sí? Ṣebí ọkọ̀ Kétu ń bẹ ní Obalende!"

Kétu ti Èkó ló rò, èyí tó wà lókè ibẹ̀ yẹn, tí èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ kí ìrẹsì tó jinná. Mo ní rárá o, Kétu gidi ni, ti Alákétu. Ó ní, "Háà, ará Kútọnu!" Ó sì pe àwọn tó kù pé kí wọ́n wá wò mí. Bí mo ṣe di ará Kútọnu nìyẹn, èmi tí n kò sùn ní Kútọnu rí láyé mi.

Ohun tó dẹ́rù bà mí ní Èkó kì í ṣe ariwo. Kò síbi tí ariwo ò sí. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé Yorùbá tí mo gbé wá kò tó mi í ná. Bí mo bá lanu, wọ́n á ní orin ni mò ń kọ. Bí àwọn náà bá lanu, ìdajì Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì Píjìn, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń bú mi. Ẹni tó lọ sílùú òyìnbó, ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àjòjì ni òun. Èmi wá sọ́dọ̀ àwọn ìbátan mi, wọ́n sì ń bi mí bóyá mo gbọ́ èdè.

Mo ru páálí kọ̀ǹpútà ní Ìdúmọ̀tà títí ọrùn mi fi kúrú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Ìyá Ìbùkún, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òun ka ìwé dé yunifásítì. Èmi ka ìwé dé ibi tí tíṣà ti bẹ bàbá mi pé kó kúkú mú mi lọ sóko. Ó rí i pé bí mo bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, n kì í lọ mọ́, mo máa ń dúró wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Kétu, ẹ kúkú jókòó, ẹ ń dí mi lójú iná." Mo jókòó. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ kéú tó ń ka wàláà. Ètò kan ṣoṣo ni mo dá kọ láyé mi. Ti Alhaja ni. Ètò náà ló sì fẹ́ pa mí.

*

Alhaja ń ta mílíìkì, ṣúgà àti tòmátò inú agolo ní páálí-páálí ní Òkè Àrin. Òun ló gbà mí síṣẹ́, òun ló fún mi ní yàrá kan ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Yàrá náà kéré débi pé bí mo bá na ẹsẹ̀, ẹnu ọ̀nà á mọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ni. Ó ní kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ àti yàrá yẹn, okùn kan náà ló so wọ́n: bí ọ̀kan bá já, èkejì ti já.

Ìyá mi máa ń pè mí lọ́jọ́ ọjà, pẹ̀lú fóònù Ràímì, ọmọ àbúrò mi. Kì í bi mí bóyá mo jẹun. Kì í bi mí nípa iṣẹ́. Bí a bá ti kíra tán, owó ọjà ló máa ń kà fún mi.

"Àgbàdo ti fò sókè o. Gààrí wà níbi tó wà. Epo wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n má rà á, wọ́n ti da omi sí i."

Má rà á! Èmi tí mo wà létí ọ̀sà l'Ékòó, báwo ni mo ṣe máa ra epo Kétu? Mo máa ń ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá. N kò ní rà á." Àwọn ará ilé á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó o, Kétu tún ti ń nájà lórí fóònù!"

Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, èmi náà á bèèrè tèmi: "Yàrá mi ńkọ́, Ìyá?"

"Ó wà níbẹ̀. Ṣé yàrá máa ń rìn ni?"

Nígbà míì mo máa ń gbọ́ igbe ọmọ ìkókó lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ti àlejò ni. Ohun tí mò ń gbé pamọ́ sínú nínú gbogbo ìpè yẹn ni ọ̀rọ̀ yàrá yìí. Bí Èkó bá lé mi, yàrá wà. Bàtà ẹsẹ̀ òsì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èèyàn tó ní bàtà kan nílé, kò tíì lọ tán.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń rajà ní Òkè Àrin, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Oníbàárà á wọlé, á bèèrè owó mílíìkì, á bèèrè ti ṣúgà, á fọwọ́ lu páálí bí ẹni ń lu ọmọ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà á ní, "Alhaja, mò ń bọ̀." Ó ń lọ wo owó ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ni. Ó lè padà, ó lè má padà. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù, bó bá ti yíjú, ọ̀rọ̀ ti parí. Alhaja kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá ti fẹnu sọ pé òun ń bọ̀, ẹrù rẹ̀ ti kúrò lọ́jà, a ó yà á sọ́tọ̀ dè é títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Bí owó bá sì yí kó tó dé, a gbọ́dọ̀ mọ èló ni tirẹ̀ ti di, kí ó má baà dé kí a máa wo ara wa lójú. Owó ọjà sì ń yí ní Òkè Àrin bí ojú ọjọ́.

Ohun tí Alhaja ní kí ètò mi máa ṣe nìyẹn. Mo ṣe é. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àwòrán gbogbo ẹrù tó mú. Bó bá ní òun ń bọ̀, fèrèsé rẹ̀ á lọ fara pamọ́ dè é. Bó bá sanwó, fèrèsé á pa dé. Mo sì fi akéde kan sínú ètò náà: bí Alhaja bá ti yí owó, akéde yìí á ké e sétí fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Orí mi wú lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́. Mo fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Ràímì. Ràímì ní, "Bàbá, kí nìyẹn?"

Nígbà tí ààwẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, tí gbogbo ayé ń ra mílíìkì àti ṣúgà, ni kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ẹni tó ń pè é. Sìkírátù, ìyàwó ọmọ Alhaja, ló máa ń jókòó tì í.

"Bọ̀ọ̀dá Kétu, nǹkan yín ti kú o."

"Kò kú. Ó ń ronú."

"Kí ló ń rò? Ṣé òun náà ń rò ó bóyá kó padà sí Kútọnu ni?"

Ohun tí a mọ̀ láti ṣe ni pé kí a pa á, kí a tún tàn án. Ṣùgbọ́n bó bá jí, bí ẹni tó mu omi ìgbàgbé ló máa ń jí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ní àwọn ń bọ̀ tó máa ń rántí.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ẹ̀pẹ́ wọlé. Láti ìgbà tí òun àti Alhaja ti wà ní ọmọge ló ti ń rajà níbẹ̀. Ó ti wá láàárọ̀, ó ti yan mílíìkì, ó ní òun ń bọ̀. A sì ti pa kọ̀ǹpútà, a ti tàn án. Mílíìkì Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti bá ẹlòmíràn gun afárá lọ.

"Èmi!" Ìyá Ẹ̀pẹ́ fọwọ́ lu àyà. "Alhaja, èmi lẹ ṣe irú eléyìí sí? Mo ní mò ń bọ̀ o! Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́!"

Alhaja bẹ̀ ẹ́. Mo fojú mi rí i: Alhaja ń bẹ èèyàn níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì na ọrùn jáde. Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò gbà. Ó lọ, kò sì sọ pé òun ń bọ̀.

Alhaja jókòó sórí páálí kan. Kò pariwo. Ìbá pariwo, ara mi ì bá balẹ̀.

"Kétu."

"Alhaja."

"Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí a bá kírun dé tí nǹkan yẹn tún dákú, gbé e kúrò lójú mi. Kí ìwọ náà wá ibi tí o máa gbé ẹrù rẹ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń bèèrè yàrá yẹn."

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

"Kí ni mo ti ń ṣe látọjọ́ tí o ti dé?"

*

Mo kọ́kọ́ dá ooru lẹ́bi. Mo gbé fáànù tì í, èmi sì ń làágùn. Mo dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́bi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Sìkírátù lẹ́bi pé ọwọ́ rẹ̀ le jù. Ẹ̀rù ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀: ó máa ń mú mi bú gbogbo ohun tí kì í ṣe èmi.

Ìyá Ìbùkún bá mi fi mẹ́mọ́rì kún un. Mẹ́mọ́rì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, bíi tábìlì. Bí tábìlì bá kún, iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn tí a fi kún un, dípò kó gan kí a tó kírun ọ̀sán, ó di ìrun Alásárì kó tó gan. A kàn fẹ tábìlì lójú ni, kò sẹ́ni tó kó ohun orí rẹ̀ kúrò.

"Ó ń jò," Ìyá Ìbùkún ní. "Mẹ́mọ́rì yín ń jò, Bàbá Kétu."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo tilẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ bóyá ó tutù. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi tó fi di tábìlì mú. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn!"

Títí di òní n kò mọ ẹni tó fún un lórúkọ yẹn. Omi tó jò, ó ti lọ. Èyí, kò sí ohun tó lọ. Àìlọ gan-an ni àìsàn rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní agbálẹ̀ kan ń bẹ nínú ẹ̀rọ náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá dì mú mọ́ ló máa ń gbá dànù kí àyè lè wà. "Ṣùgbọ́n bó bá ku ẹyọ ẹnì kan tó ṣì di nǹkan náà mú, agbálẹ̀ kò ní fọwọ́ kàn án. Ó máa rò pé wọ́n ṣì ń lò ó. Ẹ lọ wá ẹni tó ń di nǹkan mú nínú ètò yín."

"Èmi nìkan ni mo kọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà kọ́ ni mò ń bá wí bí?"

Mo ka ètò mi láti òkè délẹ̀. Oníbàárà sanwó, fèrèsé pa dé. Mo rí i pé ó pa dé. Ojú mi méjèèjì ló rí i. Kí ló wá kù tí ẹnì kan ń dì mú?

Nígbà tó ku ọ̀la kó di Jímọ̀, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo lọ jókòó sétí ọ̀sà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánrawò bí mo ṣe máa wọ Kétu. Bí mo ṣe máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n á ṣe ní "Ẹ káàbọ̀, Ará Èkó," tí wọ́n á máa wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹrù ń bọ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀rín náà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe wò mí, ó sún kúrò.

Kí ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó burú. Mo di òkúta tí mo jókòó lé mú bí ẹni pé òun náà fẹ́ lé mi dànù. Ní Èkó, ará Kútọnu ni mí. Bí mo bá dé Kétu, ará Èkó ni wọ́n á máa pè mí títí n ó fi kú, Ará Èkó tí Èkó pọ̀ jáde. N kò mọ ìlú kẹta tí mo lè lọ. Ohun kan ló mú mi dìde: yàrá tí ìyá mi fi kọ́kọ́rọ́ tì. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu bí àdúà. Yàrá wà. Yàrá wà.

Nígbà tí mo padà, kọ̀ǹpútà ti tún gan. Sìkírátù ń fi gèlè fẹ́ ara rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Kétu, ẹ má bínú o, èmi ò mọ̀wé ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí i pé ìgbà tí Alhaja bá yí owó ló máa ń gan? Bó bá ti tẹ owó tuntun báyìí, ó parí."

"Gbogbo ìgbà?"

"Èmi ni mò ń jókòó tì í. Ẹ̀yin, etí ọ̀sà lẹ̀ ń jókòó tì."

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà, mo sáré lọ sí Ìdúmọ̀tà. Ìyá Ìbùkún fi irinṣẹ́ kan sí i tó máa ń ya fọ́tò inú mẹ́mọ́rì. Ó ní kí n ya ọ̀kan nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, kí n wá máa ṣe bí oníbàárà: kí n máa wọlé, kí n máa sanwó, kí n máa lọ. Lẹ́yìn náà kí n ya òmíràn, kí n gbé wọn síra. Ohun tó bá pọ̀ sí i tí kò yẹ kó pọ̀, òun ni olè náà.

Mo rajà títí ìka mi fi ń ro mí. Mo ya fọ́tò kejì. Mo gbé wọn síra.

Fèrèsé ni. Fèrèsé oníbàárà. Gbogbo àwọn tí mo ti bá sanwó, tí mo fojú mi rí tí fèrèsé wọn pa dé, gbogbo wọn ló wà nínú lọ́hùn-ún, oníkálukú pẹ̀lú àwòrán mílíìkì rẹ̀. Wọ́n kàn kúrò lójú ni, wọn kò kúrò nílé.

"Ẹ tẹ ọ̀kan nínú wọn," Ìyá Ìbùkún ní. "Ẹ bi í pé ta ló dì í mú."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan yọ, ó gùn, mo fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Ó já sọ́dọ̀ akéde mi.

Mo ti fi orúkọ fèrèsé kọ̀ọ̀kan lé akéde lọ́wọ́ kó lè máa ké owó sí i létí. N kò sì sọ fún un rí pé kó yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò. Bí Alhaja bá yí owó, akéde á bẹ̀rẹ̀ sí í ké e fún gbogbo ẹni tó ti rajà láàárọ̀, ẹni tó ti gun afárá, ẹni tó ti ń da mílíìkì sínú ògì nílé rẹ̀. Fèrèsé wọn kọ̀ọ̀kan á sì ta jí nínú òkùnkùn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Báwo ni kò ṣe ní gan?

"Kí ló dé tí ẹ ò yọ wọ́n?" Ìyá Ìbùkún bèèrè.

Mo ronú sí i. "Kò wá sí mi lọ́kàn ni. Ṣé ẹ lè sọ fún oníbàárà pé, nísinsìnyí tó ti sanwó, kó má gbọ́ owó ọjà mọ́? Ọ̀la ńkọ́?"

Ìyá Ìbùkún yíjú sí mi. "Bàbá Kétu, ẹ̀rọ ni. Kì í ṣe ọmọ èèyàn."

Mo kọ ọ́: bí fèrèsé bá ti pa dé, kí akéde gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì le láti kọ. Bí ẹni tó ń lé àlejò ló rí lára mi.

*

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Alhaja gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó wá dájọ́. N kò lè jókòó, n kò sì lè dúró, mo ń to páálí tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n tò.

Owó ṣúgà yí. Sìkírátù tẹ̀ ẹ́. Mo di ojú mi.

"Ẹ lajú, Bọ̀ọ̀dá. Ó ń mí."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló wọlé lẹ́yìn náà. N kò mọ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ wá. Kò kí mi. Ó yan mílíìkì, ó wo Alhaja lójú, ó ní, "Mò ń bọ̀ o," bí ẹni ń na ìbọn sí èèyàn. Ó jáde.

Owó mílíìkì yí. Ó tún yí. Wọ́n lọ kírun. Èmi náà lọ, ṣùgbọ́n mo bẹ Ọlọ́run kó má bi mí ohun tí ìmáàmù wí. Nígbà tí mo dé, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a kírun Alásárì, ó ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ padà wọlé nígbà tí oòrùn ti rọ̀.

"Tèmi dà?"

Sìkírátù pe fèrèsé rẹ̀. Ó jáde wá, pẹ̀lú owó tuntun lórí rẹ̀. Páálí rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ níbi tí a yà á sọ́tọ̀ sí. Ìyá Ẹ̀pẹ́ fọwọ́ lu àwọn páálí náà. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Alhaja nìyí o." Ó sanwó. Fèrèsé rẹ̀ pa dé, akéde sì gbàgbé rẹ̀.

Alhaja dìde, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń wá tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Kétu," ó ní, "o ò tíì jẹun látàárọ̀. Lọ jẹun."

Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ sẹ́yìn páálí ṣúgà, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò tíì di ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n mo pe ilé. Ràímì gbé fóònù fún ìyá mi.

"Ìyá, wọn ò lé mi mọ́."

"Ta ló fẹ́ lé ọ?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ti tán." Ayọ̀ ti gbé mi lórí, mo ń rojọ́. "Bí wọ́n tiẹ̀ lé mi, ṣebí yàrá mi wà níbẹ̀ tó ń dè mí."

Ọmọ ìkókó yẹn ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Yàrá wà níbẹ̀," ó ní. "Ràímì ló wà nínú rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bímọ sí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Ìyá, gbogbo ìgbà ni mò ń bi yín!"

"O bi mí bóyá yàrá wà. O ò bi mí ẹni tó wà nínú rẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Òjò ń pa àwọn ọmọ yẹn."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Alhaja fún mi, ẹsẹ̀ mi sì ti kan ògiri òdìkejì. Mo ní, "Bàtà mi ńkọ́?"

"Bàtà wo? Ẹsẹ̀ kan yẹn? Ta ni yóò wọ̀ ọ́? A ti dà á nù."

Mo rò pé yóò gbé fóònù sílẹ̀. Mo fẹ́ kó gbé e sílẹ̀. Mo gbọ́ tó fa èémí, tó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

"Ó dáa," ó ní. "Àgbàdo ti wálẹ̀ o. Gààrí ló fò sókè. Epo tuntun ti dé, ó pọ́n dáadáa, kò sómi nínú rẹ̀. O lè rà á."

Wọ́n ti pa fèrèsé mi dé tipẹ́. Agbálẹ̀ ti gbá yàrá, ó ti da bàtà nù. Akéde sì jókòó síbẹ̀ ní Kétu, ó ń ké owó epo sí mi létí, ọjọ́ ọjà dé ọjọ́ ọjà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó yọ orúkọ mi kúrò.

Mo nu ojú mi.

"Ìyá, ẹ bá mi ya kẹ́ẹ̀gì kan sọ́tọ̀," mo ní. "Mò ń bọ̀."

"Tètè dé," ni ó wí.